Demon's Souls: bí géèmù kan ṣoṣo ṣe gba 29 nínú 40, tó tún gba 89 nínú 100

Ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2009 ni géèmù Demon's Souls jáde ní Japan fún PlayStation 3. Famitsu, ìwé ìròyìn géèmù tí àwọn ará Japan máa ń wò kí wọ́n tó náwó sórí ọjà tuntun, fún un ní 29 nínú 40. Nígbà tí GameSpot, ilé ìròyìn géèmù kan ní Amẹ́ríkà, wá ń yan géèmù tó gbégbá orókè fún ọdún 2009 yẹn kan náà, Demon's Souls ni wọ́n mú. Lórí Metacritic, tó ń kó máàkì àwọn ilé ìròyìn jọ sójú kan, 89 nínú 100 ló ní. Géèmù kan náà ni gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó tún un rọ láàárín.

Bí a bá sọ 29 nínú 40 di ìdá ọgọ́rùn-ún, 72 àti ààbọ̀ ni. Àlàfo tó wà láàárín ìyẹn àti 89 kì í ṣe kékeré rárá. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn ará Japan ni kò mọyì ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, àwọn mìíràn á ní fáàrí lásán ni àwọn òyìnbó ń ṣe. Kò sí èyí tó bọ́ sí i nínú méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí géèmù yìí ń fi ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé pádì rí, kó tó wá mọ bí àwọn aṣelámèyítọ́ ṣe ń ṣe iṣẹ́ tiwọn, ìyẹn àwọn tó ń gbá géèmù kí wọ́n tó kọ èrò wọn nípa rẹ̀ fún aráyé.

Irú géèmù wo ni?

RPG (role-playing game) ni. O yan ẹ̀dá kan, o sọ ọ́ lórúkọ, o gbé ẹ̀wù ogun wọ̀ ọ́, agbára rẹ̀ á sì máa pọ̀ sí i bó ṣe ń jà. Iléeṣẹ́ FromSoftware ló ṣe é pẹ̀lú Japan Studio ti Sony, Hidetaka Miyazaki ló sì darí iṣẹ́ náà. Kì í ṣe òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó bá a nílẹ̀ nígbà tí iléeṣẹ́ ti ń wò ó bí iṣẹ́ tó fẹ́ forí ṣánpọ́n, ìyẹn gan-an ló sì fún un láyè láti ṣe é bó ṣe wù ú. Ohun tí gbogbo èèyàn ti gbà pé ó bàjẹ́, ta ni yóò tún bá a jà lé e lórí?

Ìtàn inú rẹ̀ ṣókùnkùn. Allant, ọba Boletaria, jí ẹ̀dá àtayébáyé kan tó yẹ kó máa sùn lọ. Ìkùukùu bo ìlú náà, àǹjọ̀nú ń rìn nínú rẹ̀, wọ́n ń fa ẹ̀mí jáde lára àwọn aráàlú, ẹni tí wọ́n bá sì ti fa tirẹ̀ á di wèrè tó ń kọ lu ẹnikẹ́ni tó bá rí. Ọgbà ẹ̀wọ̀n kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Latria, òkùnkùn biribiri ni, agogo kékeré tó wà lọ́wọ́ wọ́dà ló máa kọ́kọ́ sọ fún ọ pé ó ń bọ̀. Àfonífojì kan tún wà tí wọ́n ń da gbogbo ìdọ̀tí ayé sí, tó fi mọ́ àwọn aláìsàn àti àwọn tí ẹbí kọ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá níbẹ̀ ni Astraea jókòó sí, obìnrin tí wọ́n ń pè ní ẹni mímọ́ nígbà kan rí. Ọ̀tá ni wọ́n kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n kò sá tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú ohun ìjà. Ó ń sọ fún ọ pé kí o máa lọ, kí o fi òun àti àwọn tí òun ń tọ́jú sílẹ̀. Bí o bá ṣẹ́gun ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, ó pa ara rẹ̀. Orin arò ni wọ́n fi sábẹ́ ìjà náà. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ kì í sábà gbàgbé. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tó fún géèmù yìí ní wákàtí méjì péré kò lè dé ibẹ̀.

Wákàtí méjì àkọ́kọ́

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká tọ ọ́ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Géèmù náà kọ́kọ́ fún ọ ní ìpele kékeré kan láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju idà, bí wọ́n ṣe ń fi asà gba ọta, bí wọ́n ṣe ń yí gbirigbiri láti yẹ nǹkan. Ní ìparí rẹ̀, àǹjọ̀nú oníkùn gbẹ̀ǹdù kan tó ń jẹ́ Vanguard yọ sí ọ pẹ̀lú àáké. Ó pa ọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo èèyàn ló ń pa. Bí o bá tiẹ̀ dá kísà tí o pa á, iwájú díẹ̀ ni dírágónì ràgàjì kan ti máa fi ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo rán ọ lọ sọ́run. Ikú yẹn wà nínú ìtàn. Ibi tí wọ́n fẹ́ kí o gbà dé Nexus nìyẹn, ibùdó tí gbogbo ìrìn àjò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ. Ẹni tó ń gbá a fún ìgbà àkọ́kọ́ rò pé òun ti fìdí rẹmi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí o bá jí ní Nexus, o ti di ẹ̀mí láìní ara, ìdajì ẹ̀jẹ̀ rẹ nìkan ló sì kù. Òrùka kan wà ní ìpele kìn-ín-ní tó ń gbé e dé ìdá 75 nínú 100. Ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan tí ẹni tó ń kánjú máa kọjá lára rẹ̀.

Gbogbo ọ̀tá tí o bá pa ń fún ọ ní ẹ̀mí tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní souls. Òun ni owó tí o fi ń ra oògùn àti ọfà, òun náà ni o fi ń mú agbára ara rẹ pọ̀ sí i, òun náà ni o fi ń tún ohun ìjà ṣe. Ká ní o ti kó 3,000 jọ kí ẹnì kan tó fi ọ̀kọ̀ gún ọ pa. Gbogbo 3,000 náà á dúró síbi tí o kú sí, nínú àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ tó ń tàn. A ó dá ọ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìpele, gbogbo ọ̀tá tí o ti pa á jíǹde, ìwọ á sì tún rin ọ̀nà náà láti lọ gbé e. Bí o bá kú lójú ọ̀nà kí o tó fọwọ́ kan àbàwọ́n náà, 3,000 yẹn ti lọ nìyẹn, àbàwọ́n tuntun ti rọ́pò rẹ̀.

Kò sí ibi ìsinmi kankan láàárín ìpele. Láti ẹnu ọ̀nà ààfin Boletaria títí dé ọ̀dọ̀ Phalanx, ọ̀gá àwọn ọ̀tá ìpele kìn-ín-ní, ìrìn kan ṣoṣo ni. Ohun tí géèmù náà fi rọ́pò ibi ìsinmi ni ọ̀nà àbùjá: bí o bá lọ jìnnà tó, wàá rí ohun tí o máa fà kí géètì kan ṣí, láti ìgbà náà lọ ọ̀nà tó ń gba ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú á di kúkúrú. Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì dé ibi géètì náà kò mọ̀ pé ọgbọ́n kan wà níbẹ̀.

Èyí tó tún wá burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé o kò lè fi ẹ̀mí tí o kó jọ mú agbára ara rẹ pọ̀ sí i rárá títí tí o máa fi pa Phalanx. Obìnrin aláṣọ dúdú tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní Nexus kò ní dá ọ lóhùn kó tó di ìgbà yẹn. Nínú RPG mìíràn, bí ibì kan bá le, èèyàn á padà lọ kó agbára jọ kó tó tún wá. Níbí, wọ́n ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ ọ lójú ní àkókò tí o nílò rẹ̀ jù lọ.

Ohun tó sì ń pani lẹ́rìn-ín ni pé Phalanx fúnra rẹ̀ kò le. Ẹrẹ̀ dúdú kan ni tí ọ̀wọ́ àwọn kéékèèké tó gbé asà àti ọ̀kọ̀ yí ká. Iná ni ọ̀tá wọn. Bọ́ǹbù iná wà káàkiri ìpele náà, oníṣòwò kan sì wà níbẹ̀ tó ń ta turpentine, èyí tí o máa fi pa idà kí iná máa jó lára rẹ̀. Ẹni tó bá kó àwọn yìí dání á ṣẹ́gun rẹ̀ kíákíá. Ẹni tí kò mọ̀ á máa fi idà gún asà títí tí wọ́n máa fi gún òun náà pa.

Shuhei Yoshida, tó jẹ́ olórí àwọn ilé iṣẹ́ géèmù Sony lágbàáyé nígbà náà, ti sọ ọ́ ní gbangba lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé òun gbá géèmù náà fún nǹkan bíi wákàtí méjì nígbà tó kù díẹ̀ kó jáde, òun kò sì kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbà pé kò dára rárá, Sony sì pinnu pé àwọn kò ní gbé e jáde ní ìta Asia. Kì í ṣe pé ojú rẹ̀ fọ́. Ohun tó rí ni a ṣàlàyé sókè yìí. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní Tokyo Game Show ọdún 2008, ìpàtẹ géèmù ńlá kan ní Japan, níbi tí àwọn èrò ti ń tò láti fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn kan nínú wọn kò tiẹ̀ kọjá ibi tí wọ́n ti ń yan ojú àti irun ẹ̀dá wọn kó tó sú wọn.

Kí ni 29 ti Famitsu ń sọ?

Èèyàn mẹ́rin ni Famitsu máa ń fún ní géèmù kan. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á fi máàkì sílẹ̀ nínú 10 pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n á wá ro ó pọ̀. Nítorí náà, 29 kò túmọ̀ sí pé wọ́n kórìíra rẹ̀: 7 àti díẹ̀ ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ohun tí irú máàkì bẹ́ẹ̀ ń sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á ni pé ó dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún gbogbo ayé. Bí a bá rò ó dáadáa, ìyẹn kì í ṣe irọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ń wáyé. Ìwé ìròyìn tó fẹ́ kí máàkì òun jáde ní ọ̀sẹ̀ tí ọjà dé gbọ́dọ̀ ti gbá géèmù náà kí aráàlú tó rà á. Demon's Souls sì jẹ́ géèmù tí àwọn tó rà á jẹ́ apá kan nínú rẹ̀. Ẹni tó bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn: ìbùba wà níwájú, lo iná, má fò. Bí ẹni tó kà á bá fọwọ́ sí i pé ó wúlò, ẹ̀jẹ̀ ẹni tó kọ ọ́ á kún padà níbikíbi tó bá wà. Àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn náà wà nílẹ̀. Bí o bá fọwọ́ kàn án, wàá rí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó gbẹ̀yìn ayé wọn, wàá sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti jábọ́, o kò ní tẹ̀ ẹ́. Àlàyé tí géèmù náà kọ̀ láti ṣe, àwọn tó ń gbá a ló ń ṣe é fún ara wọn. Ẹni tó gbá a nígbà tí ilé ṣì ṣófo gbá ìdajì géèmù.

Ẹ̀rí tó fi hàn pé kì í ṣe líle rẹ̀ ni ìwé náà kórìíra wà ní ọdún 2011. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, FromSoftware gbé Dark Souls jáde, Miyazaki náà ló darí rẹ̀, souls ṣì ń sọ nù bí o bá kú, kò sì rọ̀ rárá. Famitsu kan náà fún un ní 37 nínú 40. Wọ́n tún àwọn nǹkan kan ṣe nínú rẹ̀ lóòótọ́, iná ìsinmi wà káàkiri ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ohun tó yàtọ̀ jù ni pé ní 2011, gbogbo ẹni tó jókòó tì í ti mọ irú ẹranko tí wọ́n fẹ́ dè.

Bí 89 ṣe wáyé

Lẹ́yìn tí Sony ti kọ̀ ọ́, iléeṣẹ́ Atlus ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 2009, oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn Japan. Ní Yúróòpù, iléeṣẹ́ Namco Bandai ló gbé e jáde, ó sì di ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 2010. Láàárín àkókò yẹn, wọ́n ti ń ta ẹ̀dà kan ní Asia tó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú. PlayStation 3 kì í dá díìsìkì géèmù ilẹ̀ òkèèrè padà bíi ti àwọn ẹ̀rọ kan ṣáájú rẹ̀, nítorí náà àwọn tó gbọ́ òkìkí rẹ̀ ń rà á wọlé láti ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló tà á. Kó tó dé Amẹ́ríkà, àwọn kan ti kọ ìtọ́nisọ́nà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti ya àwòrán ọ̀nà, wọ́n ti mọ ibi tí òrùka náà wà.

Àwọn aṣelámèyítọ́ tó gbá a nígbà náà bá ilé tó kún. IGN, tó jẹ́ ilé ìròyìn géèmù, fún un ní 9.4 nínú 10. GameSpot àti àwọn ilé ìròyìn géèmù méjì mìíràn, Edge àti Eurogamer, fún un ní 9. Ọ̀rọ̀ tó ń hàn léraléra nínú ohun tí wọ́n kọ ni pé géèmù náà le ṣùgbọ́n kò rẹ́ni jẹ. Bí o bá kú, o mọ ìdí: o kánjú, o kò gbé asà sókè, o kò wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Idà ọ̀tá máa ń gba ìlà kan náà nígbà gbogbo, nítorí náà ohun tí o kọ́ kì í sọ nù bíi souls.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń ka máàkì kì í rò. Olóòtú tó gbọ́n kì í fún ẹni tí kò fẹ́ràn géèmù líle ní géèmù líle láti ṣe lámèyítọ́ rẹ̀. Bí géèmù kan bá ti lórúkọ pé ó ń pa èèyàn, àwọn tó fẹ́ràn kí wọ́n pa wọ́n ló máa nawọ́ sókè. Èyí kò sọ máàkì wọn di èké, ó kàn ń sọ irú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni.

Metacritic ní tirẹ̀ kì í gbá géèmù. Ó ń kó máàkì àwọn ilé ìròyìn jọ, ó ń sọ gbogbo rẹ̀ di ìdá ọgọ́rùn-ún, ó sì ń mú ìdá àárín rẹ̀. Kì í ṣe ìdá àárín lásán: ọ̀rọ̀ àwọn ilé ìròyìn kan wúwo ju ti àwọn mìíràn lọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ iye tí ìwúwo náà jẹ́. Géèmù tó bá ní 75 sókè á gba àwọ̀ ewé. Láti 90 ni wọ́n ti ń pè é ní èyí tí gbogbo ayé yìn. Demon's Souls fi máàkì 1 tàsé rẹ̀, ẹni tó bá sì rò pé máàkì 1 yẹn ní ìtumọ̀ kan ń da ara rẹ̀ láàmú.

Ohun tí àwọn tó yìn ín gan-an bẹnu àtẹ́ lù

Wọ́n kò fi gbogbo ẹnu yìn ín. Àwòrán máa ń fà bí ọ̀tá bá pọ̀ lójú kan. Kámẹ́rà máa ń há sí ògiri bí ẹranko ńlá bá lé ọ dé igun. Ìjà pẹ̀lú àǹjọ̀nú tó ń jẹ́ Flamelurker ní ìpele kejì ihò ìwakùsà ni àpẹẹrẹ tó burú jù, torí ikú tí kámẹ́rà fà kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀kọ́ kankan. Ẹrù tí o lè kó lọ́wọ́ níye, tó bá sì ti kún, nǹkan iyebíye tí o rí lójú ọ̀nà á di ohun tí o máa fi sílẹ̀.

Èyí tó da orí gbogbo èèyàn rú jù ni ohun tí wọ́n ń pè ní World Tendency. Ìlú márùn-ún ló wà nínú géèmù náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní òṣùwọ̀n kan tó ń lọ láti funfun sí dúdú. Bí o bá pa ọ̀gá àwọn ọ̀tá, ìlú náà á sún sí funfun. Bí o bá kú nígbà tí o ní ara, á sún sí dúdú. Bó bá ṣe ń dúdú sí i ni ọ̀tá á máa le sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrè ara wọn náà á pọ̀. Àwọn ilẹ̀kùn kan àti àwọn ènìyàn kan wà tí o kò lè rí àyàfi bí ìlú bá funfun tán tàbí bó bá dúdú tán.

Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe fún ẹni tí kò mọ̀. Ó pa Phalanx, géèmù náà dá ara rẹ̀ padà fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kún, inú rẹ̀ dùn, ó wọ ìpele tó kàn, ó kú. Ìlú náà dúdú díẹ̀. Ó lo òkúta tó ń dá ara padà, ó tún kú. Ó tún dúdú. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá gan-an ni géèmù náà ń le sí i fún, láìsọ ọ́. Àwọn tó mọ̀ máa ń gun òkè Nexus lọ kí wọ́n sì bẹ́ sílẹ̀ láti ibẹ̀ kí ara náà kúrò, torí ikú inú Nexus kò kan òṣùwọ̀n ìlú kankan, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá lọ jà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀mí. Kí èèyàn máa pa ara rẹ̀ kí iṣẹ́ lè rọrùn! Kò sí bí a ṣe fẹ́ gbèjà èyí: àṣìṣe àwọn tó ṣe géèmù ni, wọn kò sì tún gbé e wọ Dark Souls.

Máàkì àtijọ́, ọjà tuntun

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2018, wọ́n pa sáfà Demon's Souls ti PlayStation 3, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń so àwọn tó ń gbá a pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Atlus ti kọ́kọ́ fẹ́ pa tiwọn ní oṣù Karùn-ún ọdún 2012, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n fi sílẹ̀. Láti ìgbà tó ti kú, kò sí ọ̀rọ̀ àjèjì lórí ilẹ̀ mọ́, kò sí àbàwọ́n ẹlòmíràn. Ní ìparí Latria, ìjà kan wà tí ọ̀tá tí wọ́n gbé kò ọ́ kì í ṣe kọ̀ǹpútà, ẹnì kan tó jókòó sí yàrá tirẹ̀ ní ibòmíràn láyé ni wọ́n fà wọlé láti bá ọ jà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ nípa géèmù yìí ní 2009 ló ń sọ̀rọ̀ ìjà yẹn. Ẹni tó bá ra díìsìkì àtijọ́ lónìí, kọ̀ǹpútà ló máa bá a jà. Máàkì 9 tí ó kà ṣáájú kó tó san owó, nǹkan tí kò sí mọ́ ni apá kan rẹ̀ ń yìn.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, iléeṣẹ́ Bluepoint tún gbogbo rẹ̀ yà láti ìbẹ̀rẹ̀ fún PlayStation 5, ó jáde ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ náà, ó sì gba 92 lórí Metacritic. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ó fi máàkì 3 dára ju ti àtijọ́ lọ. Àwọn tó fún un ní máàkì ń wo ẹwà àwòrán, bí ó ṣe ń yára gbé ìpele wọlé, bí sáfà rẹ̀ ṣe tún kún fún èrò. Ètò ìjà, ipò ọ̀tá àti ìlànà inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti 2009 gan-an, World Tendency náà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn ti àtijọ́ bínú sí bí wọ́n ṣe yí ojú àwọn àǹjọ̀nú kan àti orin wọn padà. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwúwo: orin tuntun náà pariwo níbi tí ti àtijọ́ ti ń dáni níjì pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Bí a ṣe ń ka lámèyítọ́ géèmù líle

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí o wá nínú ọ̀rọ̀ aṣelámèyítọ́ ni ibi tó dé. Bí gbogbo àpẹẹrẹ rẹ̀ bá ti inú ìpele kìn-ín-ní wá, ohun tó kọ wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ bí ìbẹ̀rẹ̀ ṣe rí, kò sì lè sọ nǹkan kan fún ọ nípa Astraea. Lẹ́yìn náà, wo ọjọ́ tó kọ ọ́, kí o sì fi wé ọjọ́ tí ọjà jáde. Lámèyítọ́ tó jáde ṣáájú ọjà kò lè dá sáfà lẹ́jọ́.

Kí o tún ya ohun tó le sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó bàjẹ́. “Ọ̀tá yìí pa mí ní ìgbà 20” kì í ṣe ẹ̀sùn. “Kámẹ́rà bọ́ sẹ́yìn ògiri, n kò rí ẹni tó gún mi” ni ẹ̀sùn. Aṣelámèyítọ́ tí kò bá lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, yálà ó yìn ín tàbí ó bú u, máàkì rẹ̀ kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́.

Máàkì aráàlú tún ní ìlànà tirẹ̀. Lórí Steam, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ra géèmù kọ̀ǹpútà, kò sẹ́ni tó ń fúnni ní máàkì nínú 10. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé ṣé o máa ní kí ẹlòmíràn rà á, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Nítorí náà, ìdá 70 níbẹ̀ túmọ̀ sí pé èèyàn 7 nínú 10 sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, nígbà tí FromSoftware gbé Shadow of the Erdtree jáde gẹ́gẹ́ bí àfikún sí Elden Ring, géèmù líle mìíràn tí wọ́n ṣe, máàkì àwọn aṣelámèyítọ́ kọjá 90, ṣùgbọ́n lórí Steam, èrò aráàlú pín sí méjì ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn kan ń bínú pé ó ń fà lórí kọ̀ǹpútà wọn. Àwọn mìíràn wọ ibẹ̀ pẹ̀lú agbára ńlá tí wọ́n ti kó jọ nínú géèmù àkọ́kọ́, wọn kò sì mọ̀ pé àfikún náà ní irú agbára tirẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣà jọ láti ilẹ̀ ibẹ̀, ni wọ́n bá ń kú bí eṣinṣin. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, iléeṣẹ́ náà fi kún iye tí agbára àkọ́kọ́ yẹn ń fúnni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi Phalanx ní 2009 náà nìyẹn, pé ẹni tí kò mọ ibi tí agbára wà ló ń pariwo jù.

Bí o bá wá fẹ́ dán Demon's Souls wò fúnra rẹ, nínú irú ẹ̀dá tí wọ́n ní kí o yan ní ìbẹ̀rẹ̀, Royalty ni kí o mú. Ó ní ọfà idán tó ń pa ọ̀tá láti òkèèrè, ó sì ní òrùka tó ń dá agbára idán padà díẹ̀díẹ̀, nítorí náà o kò ní nílò láti sún mọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó máa gún ọ. Má jẹ́ kí ẹrù ogun tó wà lára rẹ kọjá ìdajì iye tí o lè gbé. Bó bá ti kọjá, yíyí gbirigbiri rẹ á di ti arúgbó. Ná souls rẹ kí o tó wọ ọ̀dọ̀ ọ̀gá kankan. Ṣọ́ọ̀bù géèmù tí wọ́n ti ń gba owó ní wákàtí wákàtí kò sì yẹ ẹ́, torí ìwọ àti onílé nìkan ló máa mọ iye tí Phalanx gbà lọ́wọ́ rẹ.

Ìkan tó kù: géèmù yìí kò ní ìdádúró. Bí o bá ṣí àkójọ ẹrù rẹ láti wá oògùn, ọ̀tá ṣì ń bọ̀. Bí wọ́n bá pè ọ́ lóde, lọ sí ibi tí kò sí ọ̀tá tàbí kí o jáde pátápátá láti inú àkójọ náà. Géèmù náà ń tọ́jú ibi tí o bá a dé fúnra rẹ̀, wàá sì bá ara rẹ níbi tí o fi sílẹ̀. Lórí PlayStation 5, àwọn èèyàn ti rí i pé bí o bá ṣí ibi tí wọ́n fi ń ya fọ́tò, ohun gbogbo á dúró gbagidi, títí kan àáké tó fẹ́ balẹ̀ sí ọ lórí.